Ìgò Pupa Inú Àpótí Katikíìsì: Ìtàn Ayodíìnì àti Ìwọ̀n Agbára Rẹ̀

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìrántí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ojú ewé díẹ̀, mo rò pé ìtàn bí a ti kọ́ ilé ìjọsìn, bí a ti ra agogo, àti orúkọ àwọn àlùfáà tí wọ́n ti sìn níhìn-ín ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ẹlòmíràn ti gba ìyẹn ṣe. Wọ́n ní kí èmi, tí mo dàgbà jù nínú àwọn katikíìsì tí ó ṣẹ́kù, kọ nípa àpótí oògùn. Inú mi dùn sí i, nítorí mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa àpótí náà tí n kò tíì sọ ní gbangba rí.

Àwọn tí orí wọn ti funfun yóò rántí rẹ̀. Pákó ni a fi ṣe é, ó sì ní ìlẹ̀kùn kékeré kan tí kì í dé dáadáa. Nígbà tí katikíìsì kan bá ń fi iṣẹ́ lé òmíràn lọ́wọ́, ohun tí a ń kà lé e lọ́wọ́ ni Bíbélì ńlá, ìwé orúkọ àwọn tí a ti rì bọmi, ìwé ìgbéyàwó, kọ́kọ́rọ́ méjì, agogo ọwọ́, àti àpótí oògùn. Òwú wà nínú rẹ̀, àti aṣọ funfun tí a ti fà ya fún dídi ọgbẹ́, àti kùnínì fún ibà, àti ìgò pupa kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ìgò yìí ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń bẹ̀rù. Ayodíìnì ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti ṣí i, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá; bí ó bá kan ara, ara á pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún; bí ó bá sì kan ojú ọgbẹ́, ẹni tí ó ni ọgbẹ́ náà á kọ orin kan tí kò sí nínú ìwé orin wa.

Ìtàn ohun inú ìgò náà ni mo fẹ́ sọ: ibi tí ó ti wá, àwọn tí wọ́n wá a rí, àti ọ̀rọ̀ kan tí ó ta kókó, tí ó sì gba àwọn onímọ̀ ní ohun tí ó ju àádọ́jọ ọdún lọ kí wọ́n tó tú u. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: nínú oríṣiríṣi ayodíìnì tí a ń tà, èwo ni ó lágbára jù, kí sì ni à ń pè ní agbára? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé lásán ni. Ọmọ kan nínú ìjọ yìí fi awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ san gbèsè àìmọ̀ mi lórí rẹ̀. N óò dé ibẹ̀.

Ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1811, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernard Courtois. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè iyọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, nítorí ogun Napoleon ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò náà, àwọn ọmọ ogun kò sì lè ṣe aláìní ẹ̀tù. Eérú koríko inú òkun, èyí tí a ń kó ní etí òkun Normandy àti Brittany, ni ó ń lò. Ó sì ṣe ní ọjọ́ kan, ó da ásíìdì líle lé ohun tí ó kù nínú ìkòkò rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kíyèsí i, èéfín dìde láti inú ìkòkò náà, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Nígbà tí ó sì kan ohun tútù, ó dì mọ́ ọn, ó di ẹyọ wẹ́wẹ́ dúdú tí ń dán bí irin. Courtois mọ̀ pé ohun tuntun ni, ṣùgbọ́n kò ní owó tàbí àyè láti wádìí rẹ̀ dé òpin. Ó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Desormes àti Clément, ní díẹ̀ lára rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù November ọdún 1813. Gay-Lussac, onímọ̀ ará Faransé, fún un ní orúkọ láti inú èdè Gíríìkì, nítorí àwọ̀ èéfín rẹ̀. Humphry Davy, tí í ṣe ará Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Paris ní àkókò kan náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jagun, òun náà sì fi hàn pé ohun ìpìlẹ̀ kan ni, tí a kò lè fọ́ sí méjì. Gbogbo àwọn wọ̀nyí di olókìkí. Ní ti Courtois, a fún un ní ẹ̀bùn 6,000 fráǹkì ní ọdún 1831, ṣùgbọ́n nínú òṣì ni ó kú ní ọdún 1838. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, tí a sì gbàgbé àwọn tí wọ́n ru erùpẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ ni àìsàn tí a kọ́kọ́ fi ayodíìnì wò. Coindet, oníṣègùn kan ní ìlú Geneva, ni ó ṣe èyí ní ọdún 1820, gẹ̀gẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì wálẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mu ún bí ẹni ń mu omi, láìbéèrè ìwọ̀n. Àyà wọn ń lù kìkì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń rù. Ariwo sọ lórí oníṣègùn náà. Nítorí náà, ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí a ti fún oògùn yìí ní orúkọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, ni ó ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún aráyé pé ìwọ̀n ni iṣẹ́ òun.

Ìṣòro kan wà tí ó dojú kọ gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ lò ó. Ayodíìnì kò fẹ́ràn omi. Bí a bá da ẹyọ rẹ̀ sínú omi lítà kan, ohun tí yóò yọ́ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 10 gíráàmù kan lọ. Ìyókù yóò wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a gbà borí èyí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti Jean Lugol, oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris. Ní ọdún 1829 ó po ayodíìnì pọ̀ mọ́ iyọ̀ kan tí a ń pè ní potassium iodide, nígbà tí iyọ̀ yìí sì wà nínú omi, ayodíìnì gbà láti yọ́. Omi Lugol, bí a ti mọ̀ ọ́n títí di òní, ní ìdá 5 ayodíìnì nínú 100, àti ìdá 10 iyọ̀ náà nínú 100. Ohun tí Lugol ń lépa ni láti wo wíwú ọrùn tí a mọ̀ lẹ́yìn náà pé ikọ́ ife ni ó ń fà á. Kò rí i wò. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò ṣègbé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń fún aláìsàn gẹ̀gẹ̀ mu kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí Hans Christian Gram, ará Denmark, sì wá ọ̀nà láti fi àwọ̀ pa àwọn kòkòrò àrùn kí ojú lè rí wọn lábẹ́ awò ní ọdún 1884, ayodíìnì inú omi irú èyí ni ó lò, èyí tí a ti bù là tó ìlọ́po 15.

Ọ̀nà kejì ni ti sípíríìtì. Nínú sípíríìtì, ayodíìnì a máa yọ́ wẹ́rẹ́, omi tí ó sì ti ibẹ̀ wá ni a ń pè ní tíńṣọ̀. Èyí ni ti inú àpótí wa. A ti ń fi í wo ọgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kòkòrò ni ó ń mú ọgbẹ́ díbàjẹ́. Àwọn oníṣègùn lò ó nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865. Ní ọdún 1867 Joseph Lister kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ láti pa kòkòrò inú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ásíìdì mìíràn ni ó lò, kì í ṣe ayodíìnì. (Àwọn àlùfáà àlejò wa lè fẹ́ láti mọ̀ pé inú ìjọ Quaker ni a bí Lister sí, ó sì wá darapọ̀ mọ́ ìjọ Episcopal ti Scotland nígbà tí ó fẹ́ gbéyàwó.) Antonio Grossich, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Fiume ní etí òkun Adriatic, ni ó fi tíńṣọ̀ ayodíìnì kun awọ ara aláìsàn ní tààràtà kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án, tí ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 1908. Ṣáájú rẹ̀, fífọ ara aláìsàn fún iṣẹ́ abẹ a máa gba àkókò gígùn pẹ̀lú ọṣẹ àti omi àti búrọ́ọ̀ṣì. Grossich fi òwú kan kùn ún, ó sì parí. Láti ìgbà náà ni ìgò pupa ti wọ inú àpótí àwọn ọmọ ogun, ti àwọn olùkọ́, ti àwọn atukọ̀ ojú omi, àti ti àwọn katikíìsì.

Nísinsìnyí ni mo dé orí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pé nígbà tí mo bá wí pé ìdá 2 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gíráàmù 2 wà nínú mìlílítà 100 omi oògùn. Ìwé oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa ń tẹ̀ lé, mọ oríṣi méjì tíńṣọ̀: èyí tí a pè ní aláìlágbára ní ìdá 2 àti ààbọ̀ nínú 100, èyí tí a sì pè ní alágbára ní ìdá 10. Ní Amẹ́ríkà, ti wọn ní ìdá 2, alágbára tiwọn sì ní ìdá 7. Omi Lugol, tí kò ní sípíríìtì rárá, ní ìdá 5. Ẹ wò ó bí èdè ti dàrú: orúkọ kan náà ni «alágbára», ṣùgbọ́n ní òkè òkun kan 7 ni, ní èkejì 10 ni; gbogbo wọn pupa, gbogbo wọn ń rùn bákan náà, bí ẹnìkan bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù tí ó ní «ẹ fún mi ní ayodíìnì», kò tíì sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èmi ṣe ní ọdún 1966. Ọjọ́ orí mi jẹ́ 28, mo sì ti gba àpótí náà fún ọdún márùn-ún. Ìgò ti gbẹ, mo lọ sí ìlú, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan bí ilẹ̀ ti ń ṣú, mo béèrè ayodíìnì, wọ́n fún mi, mo sanwó. N kò ka bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Mo dà á sínú ìgò wa, mo sì ju èyí tí mo rà nù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àdá ti ṣá a ní ojúgun nínú oko. Ọgbẹ́ náà kò jìn. Mo rẹ òwú sínú ìgò, mo fi kun inú ọgbẹ́ àti gbogbo àyíká rẹ̀. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ní ilé-ìwé tiwa a ti kọ́ wa láti ẹnu àwọn àgbà pé oògùn tí ó ń ta ni ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ dì í le, kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ìyá rẹ̀ tú aṣọ náà, awọ bá aṣọ lọ. Àyíká ọgbẹ́ ti lé ròrò, ó sì ti bó, egbò tí kò ju ìka ọwọ́ lọ sì ti di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ kò lè bò. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà kan tí ń po oògùn níbẹ̀ ní kí n lọ mú ìgò mi wá. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kán an sórí bébà, ó sì wò mí pẹ́. Ó ní: «Tíṣà, èyí kì í ṣe oògùn ọgbẹ́ ọmọdé. Alágbára ni.» Ó wá ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lé mi lọ́wọ́ láìgbé ohùn sókè. Mo lo ìdá 10 níbi tí ó yẹ kí n lo ìdá 2 àti ààbọ̀. Mo dà á sínú ọgbẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ ni ó yẹ kí a kùn, kí a sì fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀. Mo dì í pa nígbà tí kò tíì gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ayodíìnì tí a bò mọ́lẹ̀ a máa jó ara bí iná. Nígbà tí ó sì rí ìgò wa, ó rí ẹ̀kẹrin: ìdérí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, èkù pákó rírọ̀ kan ni mo fi dí i. Sípíríìtì ń fẹ́ lọ, ayodíìnì sì ń ṣẹ́kù, tí ó fi jẹ́ pé bí ìgò ti ń pẹ́ sí i ni ó ń le sí i. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí mo fi kun ọmọ náà ju ìdá 10 lọ.

Oṣù méjì ni ó tó kí ẹsẹ̀ náà tó jiná. Ìyá rẹ̀ wí fún mi nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì pé, «Tíṣà, a mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́.» Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun gbogbo tí ó bá tọ́ mi lọ́wọ́ nípa ayodíìnì, mo sì rí i pé àwọn tí wọ́n mọ̀ jù mí lọ pàápàá ti ṣi ọ̀rọ̀ agbára yìí gbọ́. Ìtàn rẹ̀ lọ báyìí. Ní ilẹ̀ Jámánì, Walter Reppe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó dàbí ẹ̀kọ lílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni povidone, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ọdún 1939. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì a ń lò ó láti fi dípò omi inú ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí ọgbẹ́ ogun ti fà gbẹ. Ní ọdún 1955, ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, Shelanski rí i pé povidone a máa gba ayodíìnì mọ́ra, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ta ọgbẹ́, kò jó awọ ara bí tíńṣọ̀ ti ń ṣe, omi sì ń fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ. Èyí ni povidone-iodine tí gbogbo ilé ìwòsàn wa ń lò lónìí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kọ sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Lára ìgò rẹ̀ ni a ó rí ìdá 10 nínú 100. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí 10 ni ó jó ọmọ náà. Ṣùgbọ́n 10 yìí kì í ṣe 10 yẹn. Ìdá 10 povidone àti ayodíìnì papọ̀ ni. Ayodíìnì tí ó lè jáde nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 péré nínú 100. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe gbogbo ìdá 1 yìí ni ó wà lójúde ní àkókò kan. Àwa tí a jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ yóò mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Àgbàdo inú àká kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ìkòkò lórí iná. Ti inú ìkòkò ni ó ń bọ́ ènìyàn lónìí, ti inú àká ni yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Ayodíìnì tí ó ti dá wà, tí ohunkóhun kò dì mú, òun nìkan ni ó ń pa kòkòrò. Nínú povidone-iodine ìdá 10, èyí tí ó dá wà kò ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ nínú mílíọ̀nù kan. Nínú omi Lugol àti nínú tíńṣọ̀, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi ń pa kòkòrò kíákíá, tí wọ́n sì fi ń pa ẹran ara náà pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. A rí kòkòrò tí ó wà láàyè nínú povidone-iodine fúnra rẹ̀. Ta ni ó gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kòkòrò kọ́lé sínú oògùn apakòkòrò? Ní ọdún 1982 Ruth Berkelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n mú povidone-iodine gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìgò, wọ́n sì mú òmíràn tí a ti fi omi bù là tó ìlọ́po 100. Wọ́n fi kòkòrò tí ń fa ọyún inú egbò sínú méjèèjì. Nínú èyí tí ó ki, kòkòrò náà wà láàyè fún ìṣẹ́jú 2. Nínú èyí tí a bù là, kò pé ìṣẹ́jú àáyá 15 tí gbogbo wọn kú.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé bí omi ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdè povidone ń tú, tí ayodíìnì púpọ̀ sí i sì ń jáde sí òmìnira, títí a ó fi bù ú là tó nǹkan bí ìlọ́po 100. Bí a bá kọjá ibẹ̀, ohun tí ó kù ti kéré jù, agbára rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ibí yìí kí ó má ṣe lọ bu omi sí ìgò rẹ̀ nílé. Inú ìgò àwọn onímọ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ọyún. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún a máa jẹ ayodíìnì run. Èyí tí a bù là yára, ṣùgbọ́n àká rẹ̀ ṣófo, kò sì ní ohun tí yóò fi rọ́pò èyí tí a ti jẹ. Èyí tí ó ki lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ní àká. Nítorí náà agbára méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti ìyára àti ti ìfaradà, nọ́ḿbà ara ìgò kò sì sọ ìkankan nínú wọn fún wa ní kíkún.

Kò sí ibi tí mo ti rí èyí kedere ju ojú àwọn ọmọ tuntun lọ. Ẹ̀yin ìyá mọ ojú tí ń ṣe ipin, tí ó sì ń sọ ọyún ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí; àtọ̀sí tí ìyá kò mọ̀ pé òun ní a máa fa irú rẹ̀, ó sì lè fọ́ ojú ọmọ. Láti nǹkan bí ọdún 1880, ẹ̀kán omi fàdákà ti Credé, ará Jámánì, ni a ń kán sí ojú ọmọ tuntun. Ní Kikuyu, ní ilẹ̀ Kenya (ìlú kan náà tí ìpàdé rẹ̀ ní ọdún 1913 dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa), Sherwin Isenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán oògùn mẹ́ta wò lára ọmọ tuntun 3,117, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1995. Nínú àwọn tí a kán omi fàdákà sí lójú, ìdá 17.5 nínú 100 ni ojú wọn ní àkóràn. Nínú àwọn tí a fún ní erythromycin, ìdá 15.2, nínú àwọn tí a kán povidone-iodine sí lójú, ìdá 13.1. Ó sì jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èló ni ìwọ̀n povidone-iodine tí wọ́n lò? Ìdá 2 àti ààbọ̀ nínú 100. Ẹ̀yin ará, ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Nọ́ḿbà kan náà gan-an ni tíńṣọ̀ aláìlágbára ti àpótí katikíìsì. Ọ̀kan ń gba ojú ọmọ là. Bí a bá kán èkejì sí ojú kan náà, sípíríìtì rẹ̀ àti ayodíìnì rẹ̀ yóò jó ojú náà. Mo mọ̀ pé nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi pé «ayodíìnì 2 àti ààbọ̀ dára fún ojú ọmọ», èmi ìbá ti na ọwọ́ sí ìgò pupa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi.

Ohun díẹ̀ ni ó kù. Àwọn arìnrìn-àjò a máa kán ẹ̀kán 5 tíńṣọ̀ ìdá 2 sínú omi mímu lítà kan tí ó mọ́ gaara, wọn a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu ún. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ayodíìnì inú omi náà kò ju nǹkan bí 5 nínú mílíọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àyàfi lára àwọn kòkòrò bíi mélòó kan tí awọ wọn le. Aboyún kò gbọ́dọ̀ máa mu irú omi bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìkókó: bí a bá ń fi ayodíìnì kun ara ọmọ tuntun lọ́pọ̀, awọ rẹ̀ a máa fà á mu, ó sì lè dí kókó inú ọrùn tí ń darí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì wa fi ń lo jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ dípò rẹ̀.

Chlorhexidine yìí ti bá ayodíìnì du ipò ní yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú àwọn tí a fi chlorhexidine inú sípíríìtì kun ara wọn, ìdá 9.5 nínú 100 ni ojú abẹ wọn ní àkóràn, nígbà tí ti povidone-iodine inú omi jẹ́ ìdá 16.1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayodíìnì ti kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, ìwádìí mìíràn jáde tí ó kan aláìsàn 5,788 ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà àti Benin wà lára wọn, pẹ̀lú Ghana, Rwanda, South Africa, India àti Mexico. Nínú ìyẹn, a kò rí i pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó dàbí ẹni pé wọ́n dá ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan láre fún mi ní ilé ẹjọ́.

Àpótí oògùn ti ìjọ wa ti wà lábẹ́ ìtọ́jú nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí tíńṣọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Povidone-iodine ni ó wà níbẹ̀, àti ọṣẹ, àti òwú tí a kò tíì tú. Ọmọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti di bàbá àgbà. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìn wa ni, òun ni ó sì fún mi láyè láti kọ èyí. Ẹ ó rí i níwájú nígbà ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú, yóò gbé ọ̀pá wọ́dìn. Ìgò pupa náà wà lórí tábìlì ní yàrá àfihàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo ọwọ́ àtijọ́. A ti ra ìdérí gíláàsì mìíràn fún un. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi imú sún mọ́ ọn, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀.